Oko Ìjọn àti Kòkó Ìdànrè

Bí a bá dárúkọ Ìdànrè, àpáta ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí. Kòkó ni ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àpáta ti wà níbẹ̀ kí àwọn baba ńlá ìlú náà tó dé. Àlejò ni kòkó, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ó yẹ kí a mọ ọ̀kan nínú àwọn oko àkọ́kọ́ tí ó ti ta gbòǹgbò nílẹ̀ wa.

Ọ̀gbẹ́ni J. P. L. Davies ni ó ni oko náà. Ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró ni, oníṣòwò ńlá ní Èkó, ẹni tí ó fi 50 pọ́ùn ran Grammar School ti C.M.S. lọ́wọ́ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1859. Ní 1876 òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Síbẹ̀ kò jókòó sunkún. Ní 1879 àti 1880 ó gba irúgbìn kòkó láti inú ọkọ̀ òkun Brasil kan àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn ín sí Ìjọn, lápá Àgége. Ọdún 1887 ni ìjọba tó dá ọgbà igi tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta.

Ní àwọn oko Àgége ni ọ̀pọ̀ alágbàṣe ti kọ́ iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì gbé irúgbìn lọ sí ìlú wọn, títí dé ilẹ̀ Oǹdó. Kòkó fẹ́ ibòji igi ńlá nígbà èwe rẹ̀. Ilẹ̀ igbó sì gbà á dáradára.

Davies kú ní 1906. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ Ìdànrè ní ìtàn, ẹ má ṣe fi gbogbo ọpẹ́ fún ìjọba. Ẹni tí òwò rẹ̀ ti bàjẹ́ wà lára àwọn tí ó gbin igi tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń san owó ilé-ìwé.