Rírán Ìfun: Ẹ̀ẹ̀kan Tàbí Ẹ̀ẹ̀mejì?

Láti Kétu dé Mile 12, ta ni kò mọ táífọ́ọ̀dù? Bí ó bá le, ó lè dá ihò sí ìfun. Dókítà gbọ́dọ̀ rán an. Ní 1826, Lembert ará Faransé kọ́ àwọn dókítà láti yí etí ìfun sínú, kí ẹ̀yìn ìfun kan ẹ̀yìn ìfun. Nígbà tó yá, wọ́n ń rán an ní ìpele méjì. Ní 1887, Halsted ní Amẹ́ríkà fi hàn pé awọ àárín, submucosa, ló di òwú mú jù. Ìpele kan yá, òwú rẹ̀ kéré, kò sì ń jò ju méjì lọ. Níbi tí aláìsàn ti ń fowó ara rẹ̀ ra òwú, àwa gbà pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.