Ìkógòsì: Ibi Tí Omi Gbígbóná àti Omi Tútù Ti Pàdé

BÍ ÈÈYÀN bá ti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wá sí Àkúrẹ́, tó sì gba ọ̀nà Ìgbàrà-Òkè àti Ìgbàrà-Odò, yóò dé Ìkógòsì, ìlú kan tí òkè àti igbó yí ká. Ara Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ìlú yìí wà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ìsun omi méjì ló ń fa àlejò wá síbẹ̀. Ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì sì tutù. Wọ́n ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n á fi pàdé. Bí o bá dúró níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹsẹ̀ rẹ kan lè wà nínú ooru, kí èkejì wà nínú òtútù.

Ibo Ni Ooru Náà Ti Ń Wá?

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé orogún méjì ló di omi: onínúfùfù di omi gbígbóná, oníwà pẹ̀lẹ́ sì di omi tútù. Àwọn mìíràn rò pé òkè ayọnáyèéfín ló wà nísàlẹ̀, àmọ́ kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ lágbègbè náà. Omi òjò ló ń gba inú àpáta tó sán wọlẹ̀ lọ jìnnà. Bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń jìn sí i ni ooru rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Omi tó móoru níbẹ̀ á wá gba ibi tí àpáta ti là padà sókè kó tó tutù tán. Nígbà tó bá yọ, ooru rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó sún mọ́ ooru ara èèyàn.

Ìwúlò Rẹ̀

Ní 1952, John McGee, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa ibẹ̀, ó sì di ibi ìpàgọ́ fún ìjọ náà. Lónìí, àwọn àlejò ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ náà ń ṣàn sí. Àwọn kan ń wẹ̀ ẹ́ nítorí làkúrègbé. Lóòótọ́, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lè dẹ iṣan àti oríkèé tó le. Síbẹ̀, kò yẹ kí aláìsàn tìtorí rẹ̀ pa oògùn tí dókítà kọ fún un tì.

Mímọ ibi tí ooru náà ti wá kò dín ìyanu rẹ̀ kù. Ẹlẹ́dàá tó dá àpáta, òjò àti ooru inú ilẹ̀ ni ìyìn tọ́ sí, kì í ṣe omi.