Fọ́tò Ẹyẹ Tó Ń Jẹ́ B95

Àṣìṣe tèmi ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí ẹyẹ kékeré kan létí ọ̀sà l'Ékòó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣa nǹkan jẹ nínú omi tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Mo yọ fóònù, mo sún mọ́ ọn, mo tún sún mọ́ ọn sí i. Ó fò lọ. Omi àti nǹkan dúdú kan báyìí ni mo rí yà. Mo rò pé èmi nìkan ni mo pàdánù. Ìgbà tí mo ka ìtàn B95 ni mo tó mọ̀ pé ẹyẹ náà pàdánù.

B95 kì í ṣe nọ́ńbà mọ́tò. Orúkọ ẹyẹ ni. Red knot ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ẹyẹ etíkun tí kò tóbi ju àdàbà lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ẹyẹ fi àwọ̀n mú un ní Río Grande, ní Tierra del Fuego, ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Ajẹntínà. Wọ́n fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 2001, wọ́n tún mú un níbẹ̀, wọ́n wá so àsíá kékeré aláwọ̀ ọsàn mọ́ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ B95 sí i. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀: ọsàn ni ti Ajẹntínà, àwọ̀ ewé ni ti Amẹ́ríkà, búlúù ni ti Brazil.

Lọ́dọọdún, irú ẹyẹ yìí á gbéra níbẹ̀, á fò dé Arctic ní àríwá Kánádà lọ yé ẹyin, á sì padà. Nígbà tí wọ́n ṣírò ìrìnàjò B95, ó ti ju ọ̀nà ayé dé òṣùpá lọ, ìyẹn nǹkan bíi 384,000 kìlómítà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Moonbird.

Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ìbọn ni wọ́n fi ń mọ ẹyẹ. John James Audubon tó lókìkí nídìí yíya àwòrán ẹyẹ á kọ́kọ́ yìnbọn pa á, á fi wáyà gbé e dúró bíi pé ó ṣì wà láàyè, kó tó yà á. Àwọn ọdẹ tó ń tà á lọ́jà ńkọ́? Ìpakúpa ni wọ́n ń pa ẹyẹ etíkun, àfìgbà tí òfin ọdún 1918 dé. Lẹ́yìn ìbọn, òrùka dé, ṣùgbọ́n àfi kéèyàn tún mú ẹyẹ náà kó tó lè ka ohun tó wà lára òrùka. Àsíá ló yí ọ̀rọ̀ padà, torí èèyàn lè dúró lókèèrè kà á. Nígbà tí kámẹ́rà díjítà sì wọ́pọ̀, ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ náà lè ya fọ́tò, kó délé, kó sún un tóbi, kó ka kóòdù, kó fi ránṣẹ́. Fọ́tò di ẹ̀rí pé ẹyẹ ṣì wà láàyè.

Delaware Bay, láàárín New Jersey àti Delaware, ni wọ́n ti máa ń rí wọn dáadáa. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń dé, wọ́n á ti rù hangogo. Lákòókò yẹn kan náà, horseshoe crab, ẹ̀dá inú omi tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí àṣíborí sójà, á gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn níbi tí ìgbì kò ti le. Ẹyin yẹn ni wọ́n ń jẹ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyẹ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì. Láwọn ọdún 1990, àwọn apẹja kó horseshoe crab lọ rẹpẹtẹ láti fi ṣe ìdẹ nínú ìgèrè. Ẹyin dín kù, ẹyẹ dín kù. Ọdún 2008 ni New Jersey fòfin dè é.

Ẹni tó mọ fọ́tò yà níbẹ̀ kì í sáré tẹ̀lé ẹyẹ. Á ti débẹ̀ ṣáájú wọn, á dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn tútù, lẹ́ǹsì rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Bí omi bá ṣe ń kún, àwọn ẹyẹ fúnra wọn á máa sún bọ̀. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, kí afẹ́fẹ́ tó dìde, torí bí omi bá ti ń ru, á máa kọ mànà sí lẹ́ǹsì, kóòdù ò ní ṣeé kà. Bí omi bá pa rọ́rọ́, ẹyẹ méjì lẹ ó rí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nínú omi. Ṣùgbọ́n ẹ má ka ti inú omi o! 5 á dà bíi 2 níbẹ̀, ẹ ó kàn sọ ẹyẹ kan di òmíràn ni.

Bí ẹnì kan bá dìde lójijì, gbogbo agbo á fò. Ọ̀rá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kó jọ ni wọ́n á sì ná sórí fífò yẹn. Èyí tí kò bá sanra tó lè má dé Arctic, tàbí kó débẹ̀ kó má rí ẹyin yé. Ìdí rèé tí New Jersey fi ń ti àwọn etíkun kan lákòókò yẹn. Bí oníkámẹ́rà bá ń kùn pé wọ́n lé òun jìnnà jù, èmi ò ní bá a kùn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, wọ́n tún rí B95 ní Delaware Bay. Ó ti lé ní ọmọ 20 ọdún. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà fi irú red knot tirẹ̀ sábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀dá tó ń dín kù.

Èmi náà padà sétí ọ̀sà yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ṣòkòtò mi tutù rin. Ẹyẹ ò wá.