Ilẹ̀ Tí Wọ́n Tẹ́ fún Ẹsẹ̀ Lásán ní Peckham

Ní ọdún 1926 ni Dókítà George Scott Williamson àti Dókítà Innes Pearse bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera wọn nínú ilé kékeré kan ní Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1935, wọ́n kó lọ sí ilé ńlá tí Owen Williams yàwòrán rẹ̀ ní St Mary's Road. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ń san ṣílè kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń ṣeré ìdárayá, àwọn dókítà sì ń yẹ̀ wọ́n wò. Èèpo igi kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé náà, kí tọmọdé tàgbà lè ṣeré láìwọ bàtà. Èèpo yìí kún fún ihò afẹ́fẹ́ tíntìntín, ó sì máa ń rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, kì í tutù bíi kọnkéré. Mo gbà pé ọgbọ́n ńlá nìyẹn: ara ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ rò, kì í ṣe ẹ̀rọ ìdárayá.

Àwọn kan á ní irin ìdárayá wúwo yóò tẹ èèpo igi wọnú, pé rọ́bà nípọn ló dára jù. Òótọ́ ni, fún ẹni tó ń gbé irin. Àmọ́ nínú ilé tí ìyá ti ń na ara, tí ọmọ sì ń fò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Lóòótọ́, ilé ti Peckham náà ti ìlẹ̀kùn ní 1950, ṣùgbọ́n àìsí owó wà lára ohun tó fà á, kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun tí ẹ máa fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá ìdárayá yín, ẹ bi àwọn ará ilé yín léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ máa ṣe níbẹ̀.