Ìparun Òṣóògùn àti Sinimá Tó Yẹ Ẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sinimá nípa ìparun Òṣóògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, kò gbọdọ̀ kánjú. Ọdún 11 ni Claude Lanzmann fi ṣe Shoah, tó jáde lọ́dún 1985, lórí bí ìjọba Násì ṣe pa àwọn Júù. Ohùn àwọn tó là á já ló gbé e ró. Ti Òṣóògùn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹlẹ́rìí tó ṣì wà láàyè; àkọsílẹ̀ ẹlẹ́rìí tó lókìkí jù ni ti Àjàyí Crowther, ọmọ ìlú náà tí wọ́n mú lẹ́rú nígbà ìparun yẹn lọ́dún 1821. Lẹ́tà rẹ̀ ti ọdún 1837 sọ nípa ìlú olódi tó ní nǹkan bí 12,000 ènìyàn, bí wọ́n ṣe fi okùn sí wọn lọ́rùn, àti bí wọ́n ṣe fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn.

Àwọn kan lè ní ojú ìgbàgbọ́ ló fi kọ ọ́, torí ó ka ọjọ́ burúkú náà sí ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà pè é. Òótọ́ ni, àmọ́ bí ẹ bá yọ ìtumọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, ohun tójú rẹ̀ rí ṣì wà. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé sinimá náà lè dá ìjà ẹ̀yà sílẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà náà gan-an fi hàn pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, Fúlàní àti ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn ló para pọ̀ jagun náà: Ọ̀yọ́ wà lára ẹni tó kó Ọ̀yọ́ lẹ́rú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí olùdarí sáré lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí Crowther ti rí ìyá rẹ̀ lọ́dún 1846, kó sì gbàgbé àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá kàn.