Ta Ló Sọ Ṣíbí Di Akọ? Ìtàn der, die àti das

Lórí tábìlì oúnjẹ kan náà nílẹ̀ Jámánì, ṣíbí jẹ́ akọ (der Löffel), fọ́ọ̀kì jẹ́ abo (die Gabel), ọ̀bẹ kì í ṣe akọ, kì í sì í ṣe abo (das Messer). Àwa tí a ń kọ́ èdè náà mọ ohun tí ojú wa ń rí. Nínú èdè tiwa, "ó" kan ṣoṣo ti tó fún bàbá, ìyá, ewúrẹ́ àti àga. Ẹni tó ń gbọ́ wa á mọ èyí tí à ń wí. Lédè Jámánì, ẹni tó bá fi der síbi tí die yẹ kó wà ti pàdánù máàkì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń múra ìdánwò B1 tàbí B2 sílẹ̀ nítorí àtilọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí à ń gbọ́ ni pé ká há gbogbo rẹ̀ sórí, torí pé kò nídìí. Àkọ́sórí ò ṣeé sá fún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pé kò nídìí, a ò gbà. Ìdí wà, ó kàn ti pẹ́ ni.

Èdè Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríìkì àti Sanskrit jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọmọ mìíràn tún wà tó ti kú tipẹ́: èdè Hítì, orúkọ tí ẹni tó bá ń ka Bíbélì á mọ̀. Ní 1915, Bedřich Hrozný, onímọ̀ kan tó jẹ́ ará Czech, kéde pé òun ti rí èdè náà kà lára àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n wú jáde nílẹ̀ Tọ́kì. Ohun ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ ni pé oríṣi ọ̀rọ̀-orúkọ méjì péré ni èdè Hítì ní: èyí tó gba ènìyàn àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn mọ́ra, àti èyí tí kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo rárá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé ohun ẹlẹ́mìí àti ohun aláìlẹ́mìí ni ìyá àwọn èdè yìí kọ́kọ́ pín nǹkan sí, àti pé ẹ̀yìn èyí ni abo tó dé.

Ẹ jẹ́ ká fo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kọjá, ká dé ilẹ̀ Jámánì láàárín nǹkan bí 750 sí 1050. Èdè tí àwọn mọ́ńkì ń kọ nígbà yẹn ṣì ní fáwẹ́lì tó dún ketekete níparí ọ̀rọ̀. Orúkọ ni namo, ahọ́n ni zunga, ọkàn ni herza. Ẹni tó bá gbọ́ namo ti ní àmì akọ lọ́wọ́ kó tó gbọ́ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n sílébù àkọ́kọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, ìparí ọ̀rọ̀ wá ń rọ díẹ̀díẹ̀. (Èdè tiwa tí sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ ò ní fara mọ́ irú ìyẹn.) Lónìí, Name, Zunge, Herz ni. Name jẹ́ akọ, Zunge jẹ́ abo, -e kan náà ló sì parí àwọn méjèèjì. Àmì ti pa rẹ́, ẹrù tó ń rù kò pa rẹ́.

Ta ló wá gbé ẹrù náà? Nígbà yẹn, der, diu àti daz kì í ṣe ohun tí à ń pè wọ́n lónìí. Ọ̀rọ̀ ìtọ́ka ni wọ́n, bí "ìyẹn" tàbí "yẹn" tiwa. Wọ́n ń lò wọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ na ìka sí nǹkan. Nígbà tó yá, wọ́n ń lò wọ́n láìna ìka sí ohunkóhun, títí wọ́n fi di ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí ìparí ọ̀rọ̀ ṣe ń kú ni iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yìí ń pọ̀ sí i. Òun ló ń sọ akọ tàbí abo, òun ló ń sọ ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀, òun náà ló sì ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí.

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí. Der Hund beißt den Mann: ajá bu ọkùnrin jẹ. Den Hund beißt der Mann: ọkùnrin ló bu ajá jẹ! Ajá ló ṣáájú nínú méjèèjì. Lẹ́tà kan ṣoṣo, r tàbí n, ló sọ ẹni tó yẹ ká gbé lọ sọ́sípítù. Ipò mẹ́rìndínlógún ni àtẹ náà ní, ẹ̀dà mẹ́fà péré ló sì wà láti fi dí wọn: der, die, das, den, dem, des. Ìdí nìyẹn tí der tún fi ń yọjú níwájú abo, nínú mit der Frau, tó sì ń da orí wa rú.

Ọ̀rọ̀ àlejò náà gba akọ tàbí abo tirẹ̀, kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tó gbé wá láti ilé. Ògiri òkúta àwọn ará Róòmù, murus, jẹ́ akọ ní Látìn. Ó dé Jámánì, ó di die Mauer, nítorí pé die Wand ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Corpus kì í ṣe akọ tàbí abo ní Látìn, der Körper ló dà. Bákan náà ló rí lóde òní: Computer di akọ bí i Rechner, E-Mail di abo bí i Post, àmọ́ ní gúúsù Jámánì àti ní Austria, ẹ máa gbọ́ das E-Mail.

Àwọn ará Jámánì fúnra wọn bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1831, nínú apá kẹta ìwé gírámà rẹ̀, Jacob Grimm (ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kó ìtàn àlọ́ jọ) sọ pé èrò inú àwọn ará àtijọ́ ló fi ìṣe akọ àti abo wọ gbogbo nǹkan láṣọ. Karl Brugmann ta kò ó ní 1889: àfòmọ́ ìparí ló kọ́kọ́ wà, ìtumọ̀ akọ àti abo ló wá bá a lẹ́yìn. Ti Brugmann la fara mọ́. Ẹ̀rí wa ni das Mädchen, ọmọdébìnrin. Kì í ṣe pé wọ́n ń bú u. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ní -chen, tó ń sọ nǹkan di kékeré, das ni. Ṣùgbọ́n das Weib, tó túmọ̀ sí obìnrin, kò ní àfòmọ́ kankan, das náà ni! Ìyẹn ṣì le fún gbogbo wọn.

Wilhelm Bleek náà yẹ ní dídárúkọ. Wọ́n bí i ní Berlin ní 1827, ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tó kọ ní Bonn ní 1851 sì dá lórí bí àwọn èdè gúúsù Áfíríkà ṣe ń pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí ìsọ̀rí. Nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, Zulu fún àpẹẹrẹ, ìsọ̀rí lè lé ní mẹ́wàá, láìsí pé akọ tàbí abo ló pín wọn. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn kò ní máa wá ọmú lára fọ́ọ̀kì mọ́.

Níbi àfòmọ́ ni ìtàn ti ń gbà wá lọ́wọ́ ìdánwò. Lédè Jámánì, tí ọ̀rọ̀ méjì bá so pọ̀, ti ẹ̀yìn ló ń pàṣẹ: das Haus pẹ̀lú die Tür jẹ́ die Haustür. Odindi ọ̀rọ̀ sì ni -heit nígbà kan, tó túmọ̀ sí ipò tàbí ìwà. Ìdí rèé tí Freiheit, Krankheit, Gesundheit fi jẹ́ die láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni -schaft àti -keit.

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán níbẹ̀ o. Ní 1972, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì yọ Fräulein kúrò nínú ìwé ọ́fíìsì, wọ́n ní obìnrin tó ti dàgbà kì í ṣe -lein. Ní 1984, Luise Pusch tẹ ìwé jáde tó fi pe èdè Jámánì ní èdè ọkùnrin, torí pé Lehrer, tó jẹ́ akọ, ni wọ́n ń lò fún gbogbo olùkọ́. Àwọn kan wá ń fi ìràwọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀, Lehrer*innen. Ní oṣù kẹrin 2024, ìpínlẹ̀ Bavaria fòfin de ìràwọ̀ náà ní ọ́fíìsì ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wá ń kọ báyìí ni Studierende, tó súnmọ́ "akẹ́kọ̀ọ́" tiwa: tí wọ́n bá pọ̀, ẹ ò lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Tó bá ku ẹnì kan ṣoṣo, wàhálà tún dé: der Studierende, die Studierende.