Oògùn tí Kano Kọ̀, Àrùn tí Indonesia Gbà

Ẹ̀yin òbí àti ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ ó ti gbọ́ ọ rí pé àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń sọ ọmọ di àgàn lọ́la. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kano dá a dúró ní ọdún 2003. Ẹ má pè wọ́n ní òmùgọ̀ o. Ní 1996, àwọn onílé-iṣẹ́ oògùn òkèèrè kan ti dán oògùn wò lára àwọn ọmọ wọn nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ọgbẹ́ náà kò tíì jinná.

Àyẹ̀wò ṣíṣe àti ìjíròrò pẹ̀lú àwọn àáfà ló parí ẹ̀. Wọ́n fara mọ́ oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, nítorí Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù keje 2004, àjẹsára ti bẹ̀rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n àrùn ti rìn jìnnà. Ní 2005 ó dé Indonesia náà, níbi tí wọn kò ti rí i fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Àyẹ̀wò fi hàn pé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti wá. Nǹkan bí 300 ọmọ ló sọ di arọ.

Ní ilé ìwòsàn wa, ọjọ́ ìbí ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ kán an sọ́mọ lẹ́nu, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá.